Ipa àti Ipá: Ta Ló Yí Ìtàn Niger Padà Jù?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba ológun tó wà lórí àga ní Niamey pààrọ̀ orúkọ mélòó kan láàárín ìlú. Òpópónà tó ń jẹ́ Charles de Gaulle di ti Djibo Bakary. Níbi òkúta ìrántí tí wọ́n gbẹ́ ojú Parfait-Louis Monteil sí, ọ̀gágun Faransé tó la ilẹ̀ yìí kọjá láàárín 1890 sí 1892, ojú Thomas Sankara, ààrẹ Burkina Faso nígbà kan, ló wà níbẹ̀ báyìí. Gbàgede Francophonie di ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Sahel. Ilé àṣà tí Faransé àti Niger jọ ni, tí wọ́n fi Jean Rouch, onífíìmù ọmọ Faransé, sọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Moustapha Alassane, onífíìmù ọmọ Niger. Òkúta ìrántí àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì náà gba orúkọ tuntun ní èdè Zarma.

Ẹni tó bá rò pé pátákó lásán ni wọ́n pààrọ̀ kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìlú tó fi orúkọ èèyàn sọ ọ̀nà ti dá ẹjọ́ kan. Ó ti dáhùn ìbéèrè tí àwọn òpìtàn ti ń bá ara wọn fà tipẹ́: nínú àwọn tó ti kọjá lọ, ta ni ipa rẹ̀ pọ̀ jù? Ìdáhùn tí Niamey fún ìbéèrè náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, torí mo gbà pé apá kan rẹ̀ tọ́, apá kan kò sì tọ́.

Èdè wa ti là wá lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé. Ipá ni agbára tí a fi ń mú èèyàn. Ipa ni ohun tí ẹsẹ̀ fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ ti lọ. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló pààlà sí wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ẹni ńlá inú ìtàn ti ń dàrú. Ọba tí gbogbo ìlú ń wárìrì fún lè ní ipá kó má ní ipa: bó bá ti wàjà, òjò ọdún kan á ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nù. Ọdẹ tó rí ipa ẹran nínú igbó kì í béèrè bóyá ẹran náà níwà. Ó máa wo bó ṣe jìn tó, bó ti pẹ́ tó, àti ibi tó kọjú sí. Ojú ọdẹ ni mo fẹ́ fi wo Niger.

Ní Niamey, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kó ara wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé tíì kaná lórí èédú, wọ́n á sì máa jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fada ni wọ́n ń pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bi wọ́n léèrè ẹni tó yí ayé padà jù, ó dájú pé Ànábì Muhammad ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, torí mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Niger. Ìdáhùn kan náà ni Michael Hart, ọmọ Amẹ́ríkà tí kì í ṣe mùsùlùmí, fún wa nínú ìwé tó gbé jáde ní 1978, níbi tó ti to ọgọ́rùn-ún èèyàn ní ẹsẹẹsẹ. Ó fi Ànábì ṣe ẹnì kìíní, ó fi Isaac Newton ṣe ẹnì kejì, Jésù ṣe ìkẹta. Ẹnì keje ni Cai Lun, ìránṣẹ́ ààfin ní Ṣáínà tí wọ́n gbà pé ó fi ọ̀nà ṣíṣe bébà lélẹ̀. Mo yin Hart fún ohun kan: kò da ipa pọ̀ mọ́ ìwà rere, Hitler àti Stalin wà nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin méjì péré ló rí nínú ọgọ́rùn-ún, ọbabìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Kò rí ẹnì kankan láti ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Ọdẹ kò lè rí ipa nínú igbó tí kò wọ̀. Ìwé tó wà nítòsí rẹ̀ ni Hart fi to àwọn èèyàn rẹ̀, ẹni tí àwọn òǹkọ̀wé kò bá sì kọ nípa rẹ̀ kò sí lójú tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ igbó náà láti Soudouré, abúlé kan lẹ́bàá Niamey. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Hamani Diori ní 1916, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Djibo Bakary ní 1922. Ìbátan ni wọ́n. Àwọn méjèèjì lọ sí iléèwé William Ponty ní Senegal, àwọn méjèèjì ṣe tíṣà, inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n sì jọ wà kí ọ̀rọ̀ tó yà wọ́n.

Djibo ló kọ́kọ́ gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù tẹ̀lé e, ó di olórí ìlú Niamey ní 1956, ó sì di olórí ìgbìmọ̀ ìjọba ní 1957. Sawaba ni orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Hausa tó túmọ̀ sí ìdẹ̀ra. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1958, de Gaulle ní kí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé dìbò: ṣé wọ́n á dúró ti Faransé tàbí wọ́n á máa lọ? Djibo ní kí àwọn èèyàn òun sọ pé rárá, bí Sékou Touré ṣe sọ ní Guinea. Àwọn Faransé rán gómìnà tuntun kan wá, Don Jean Colombani, agbára ìjọba sì dìde sí Sawaba. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, wọ́n ní èèyàn 78 nínú 100 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn tó jáde wá dìbò kò tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Bí Djibo ṣe pàdánù ìjọba fún Diori nìyẹn. Ní 1959 wọ́n fòfin de Sawaba, Djibo sì di ìsáǹsá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbọn wọ ìlú ní 1964, ìjọba ṣẹ́gun wọn. Ní oṣù kẹrin 1965, ẹnì kan ju àdó olóró sí Diori níbi ìrun Iléyá ní Niamey. Diori yè é, ọmọdé kan kú.

Diori ní tirẹ̀ gba òmìnira Niger ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1960, ó sì ṣe ààrẹ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 1970, Niamey yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ti fọwọ́ sí ìwé tó bí àjọ Francophonie. Òun àti Senghor ti Senegal, Bourguiba ti Tunisia àti Sihanouk ti Cambodia ni wọ́n ń pè ní baba rẹ̀, ọjọ́ náà sì ni wọ́n ṣì fi ń ṣe ọdún rẹ̀ káàkiri ayé. Lẹ́yìn náà ọ̀dá dé, ẹran ọ̀sìn kú lọ rẹpẹtẹ, ebi pa àwọn ará oko, àwọn èèyàn sì ń fẹ̀sùn kan ìjọba pé oúnjẹ ìrànwọ́ ń bọ́ sápò ẹlòmíì. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1974, Seyni Kountché àti àwọn ológun rẹ̀ gba ìjọba. Wọ́n pa Aïssa, ìyàwó Diori, ní òru náà. Ilẹ̀ Morocco ni Diori kú sí ní 1989.

Nínú àwọn méjèèjì, ipa ta ló jìn jù? Ìjọba ọdún 2024 ní ti Djibo ni. Mo lóye ohun tó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Faransé tó kẹ́yìn kúrò ní Niger ní oṣù kejìlá 2023, Niger sì kúrò nínú Francophonie ní oṣù kẹta 2025. "Rárá" tí wọ́n dà nù ní 1958 ló jọ pé ó padà wálé. Síbẹ̀, ẹni tí a lọ hú orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí a ti ṣe ohun tó wù wá kò lè jẹ́ ẹni tó mú wa ṣe é. Ìjọba yìí nílò baba ńlá, ó sì wá ọ̀kan rí. Ohun tí Diori kọ́ sílẹ̀ ni gbogbo ìjọba tó tẹ̀lé e jókòó lé lórí, títí kan àléébù inú rẹ̀: láti 1974, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ológun ti gba ìjọba ní Niger, ní 1974, 1996, 1999, 2010 àti 2023. Ọ̀nà tó jẹ́ ti ìbọn yẹn, ìgbà tirẹ̀ ló là. Nítorí náà mo fi Diori ṣáájú.

Ti de Gaulle fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Grand Marché, ẹ ra àlùbọ́sà. Sẹ́fà lẹ máa san. Oṣù kejìlá 1945 ni wọ́n dá owó náà sílẹ̀, ìgbà tí de Gaulle jẹ́ olórí ìjọba fìdíhẹ ní Paris. Ọmọ ogún ọdún tó ń ta kílíṣí ní Niamey, tí kò mọ de Gaulle rí, owó ìjọba de Gaulle ló ń kà kó tó sùn. Ohun tí mò ń pè ní ipa gan-an nìyẹn, ó dùn mọ́ wa o, kò dùn mọ́ wa o.

Ẹlòmíì wà tí àríyànjiyàn kì í kàn rárá. Ní 1926, gómìnà Faransé kan tó ń jẹ́ Jules Brévié gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey. Zinder ni ìlú ọba Damagaram, ìlú tó ti gbajúmọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n omi wọ́n níbẹ̀. Niamey wà létí Odò Ọya. Ìlú kékeré ni nígbà náà, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ló ń gbé e. Nígbà ìkànìyàn 2012, àwọn tó ń gbé Niamey ti lé ní mílíọ̀nù kan. Àṣẹ tí ọkùnrin kan pa lórí bébà ló pinnu ibi tí mílíọ̀nù èèyàn máa jí sí lóròòwúrọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kountché tó fi ipá ṣèjọba fún ọdún mẹ́tàlá ní pápá ìṣeré àti afárá, ṣùgbọ́n n kò rí ipa tirẹ̀ tó jìn tó ti Brévié.

Tí a bá wá kan àwọn jagunjagun, Sarraounia Mangou ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1899, ní Lougou, obìnrin yìí kó àwọn èèyàn rẹ̀ dìde sí ikọ̀ Faransé tí Paul Voulet àti Julien Chanoine jẹ́ olórí fún, ikọ̀ tó ń sun abúlé bó ṣe ń kọjá. Ìbọn wọn pọ̀ jù fún un, ó fà sẹ́yìn wọ igbó. Ikọ̀ náà lọ sí Birnin Konni, wọ́n pa èèyàn bí ẹní ń gé koríko. Nígbà tí ìjọba Faransé rán ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Klobb wá mú Voulet, Voulet pa á, àwọn ọmọ ogun Voulet fúnra wọn ló sì yìnbọn pa ọ̀gá wọn méjèèjì láàárín oṣù keje 1899. Ogun Lougou kò dá Faransé dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣẹ́gun nìkan díwọ̀n, kò ní ka Sarraounia sí.

Ṣùgbọ́n ní 1980, Abdoulaye Mamani kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Ní 1986 Med Hondo sọ ìwé náà di fíìmù, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní FESPACO, àjọ̀dún fíìmù Áfíríkà, ní Ouagadougou lọ́dún tó tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin tó bá ń kàwé ní Niger ti ní ẹni tó lè tọ́ka sí. Ẹ wá wò ó: ọmọ Sawaba ni Mamani, ó bá wọn jẹ ìyà ìsáǹsá àti ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé òṣèlú wọn, ó gbé e wọ inú ìtàn obìnrin tó kọ̀ fún Faransé. Ohun tí mo sọ lókè nípa Djibo, mo ní láti dín in kù díẹ̀ níbí. Diori ṣì ṣáájú lójú mi, ṣùgbọ́n ipa Sawaba kò pa rẹ́ bí mo ṣe kọ́kọ́ rò. Abẹ́ iyanrìn ló gbà, bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa Yorùbá gan-an. Ní 1754, ní Maratta, ní ilẹ̀ Gobir, wọ́n bí ọmọ Fúlàní kan tí wọ́n sọ ní Usman. Inú Niger òde òní ni Maratta wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé Ṣokoto ni wọ́n ti bí Usman dan Fodio. Ó kàwé, ó ń kọ́ni, ó ń wàásù, òun àti àwọn ọba Gobir kò sì gbọ́ ara wọn yé. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1804. Ní 1808 Alkalawa, olú-ìlú Gobir, ṣubú, ọba Yunfa kú síbẹ̀. Ọmọ Usman obìnrin, Nana Asma'u, tó kú ní 1864, dá ọ̀nà kan sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn obìnrin nílé wọn, ó sì ń kọ ewì fún wọn láti kọ́ sórí. Òun ni mo wò pé Hart ì bá fi kún ìwé rẹ̀ ká ní ó wọ igbó yìí.

Ẹ bá mi tọ ipa náà sọ́dọ̀ wa. Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin, bá Aláàfin Awólẹ̀ jà, ó pe Àlímì, àfáà Fúlàní kan, àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú Gàmbàrí mọ́ra láti ràn án lọ́wọ́, àwọn tó pè yìí ló pa á. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, gba àsíá lọ́wọ́ Ṣokoto, ìjọba tí ogun Usman bí, Ìlọrin di ìlú ẹ́míà. Ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, Ọ̀yọ́ Ilé dahoro. Àwọn tó sá níwájú ogun ló pọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1830. Àwọn tí ogun mú, wọ́n tà wọ́n sí Cuba àti Brazil, wọ́n gbé Ṣàngó àti Ọ̀ṣun lọ, àwọn mùsùlùmí inú wọn sì dìde sí àwọn olówó ẹrú ní Bahia, ní Brazil, ní oṣù kìíní 1835. Ọmọdékùnrin kan tí ogun mú ní Òṣogùn ní 1821 ló wá di Samuel Àjàyí Crowther, tí Bíbélì Yorùbá tó ṣíwájú nínú títúmọ̀ rẹ̀ jáde lódidi ní 1884. Lẹ́tà tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Mi ò ní dẹ́rù gbogbo ìyẹn lé ẹnì kan lórí. Ọ̀yọ́ ti ń ya kí Fúlàní tó dé, ìjà àwọn ìjòyè àti ọba ló ṣílẹ̀kùn, Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ ló pe àlejò wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó lè sọ pé Usman mọ ibi tí Òṣogùn wà. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ ọmọ Maratta yẹn kúrò, n kò mọ bí Yorùbá ọdún 1900 ṣe máa jọ ara rẹ̀.

Ní Niger fúnra rẹ̀, wọ́n ka ìtàn yìí láti òdìkejì. Àwọn ọmọ ọba Gobir tí kò tẹrí ba fún Ṣokoto sá gòkè, wọ́n tẹ Tibiri dó nítòsí Maradi ní 1836, ìtẹ́ wọn sì wà níbẹ̀ títí dòní. Lójú wọn, ọ̀tá tó lé wọn kúrò nílé ni Usman. Kò ní kí ipa rẹ̀ kéré. Ìlú tí ẹnì kan mú kí wọ́n tẹ̀dó torí wọ́n ń sá fún un, ipa rẹ̀ náà ni.

Báwo la tiẹ̀ ṣe mọ gbogbo èyí? Níbí ni mo fẹ́ ṣí fìlà fún Boubou Hama, tí wọ́n bí ní 1906 tó sì kú ní 1982. Òun ni olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ Diori, orúkọ rẹ̀ sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Niamey ní 1959 ń jẹ́ báyìí. Òṣèlú rẹ̀ kọ́ ló wú mi lórí. Ó ń kó ìwé àfọwọ́kọ jọ, tí èdè Lárúbáwá àti ti àwọn èdè ilẹ̀ náà tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà lónìí ní ilé ìwádìí tó wà ní yunifásítì Abdou Moumouni. Ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún àwa náà: ní 1615, Ahmad Baba ti Timbuktu kọ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ẹni tó pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ló ń pinnu ẹni tí ìran tó ń bọ̀ máa rántí. Kountché jù ú sẹ́wọ̀n ní 1974, ìwé tó kó jọ kò bá a lọ.

Ó ku àwọn tí kò ní orúkọ rárá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì 1990, ọjọ́ Ẹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn lọ sí orí afárá Kennedy ní Niamey, àwọn agbófinró yìnbọn lù wọ́n, àwọn kan kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1991, àwọn obìnrin tú síta torí wọn kò fi àwọn sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àpérò gbogbogbò bó ti yẹ, ọjọ́ náà ni Niger fi ń ṣe ọjọ́ obìnrin. Láàárín ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí ni ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ kan ṣoṣo ti parí.

Àwọn àgbẹ̀ Maradi àti Zinder tún ju ìyẹn lọ. Ní 1983, Tony Rinaudo, ajíhìnrere ọmọ Australia, ṣàkíyèsí pé kùkùté igi tí gbogbo èèyàn ń gé dànù lóko kò tíì kú. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa tọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀ ló ṣe ìyókù, láti oko dé oko, láìgba owó ìjọba, títí igi fi padà sórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 5. Ọkà ń ṣe dáadáa lábẹ́ wọn, afẹ́fẹ́ kò fi iyanrìn sin èéhù mọ́, obìnrin kò rìn jìnnà fún igi ìdáná. Kò sí ààrẹ kan ní Niger tó fọwọ́ kan oúnjẹ iye èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ tèmi rèé. Nínú àwọn tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Niger lónìí, Usman dan Fodio ló ṣáájú, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn débi pé ó dé Bahia. Mo fi àwọn àgbẹ̀ Maradi àti Zinder ṣe ìkejì, bí wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ tí a lè kọ sára ògiri. Boubou Hama ni ìkẹta, Diori ìkẹrin, Djibo Bakary tẹ̀lé e. Brévié àti de Gaulle wà lójú ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn Niamey ń purọ́ fún ara rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ Soudouré méjèèjì, pápákọ̀ òfuurufú Niamey ń jẹ́ orúkọ ọ̀kan, òpópónà ti ń jẹ́ orúkọ èkejì. Láti ìgbà ìbò 1958, ọdún 66 ló gba Niamey kó tó fi orúkọ àwọn méjèèjì sójú kan náà.